Eyín Tó Kẹ́yìn, àti Ohun Tí N Kò Sọ fún Dókítà

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó wá yọ eyín tó kẹ́yìn lẹ́nu, òun ni mo ń kọ èyí sí. Ẹ má sá. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí ẹ kà á tán kí ẹ tó lọ, nítorí kì í ṣe yíyọ eyín náà ló fẹ́ pa mí. Ohun tó tẹ̀lé e ni, ọwọ́ ara mi sì wà nínú rẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwé, ní àdúgbò Gàmbàrí níbí. Ìwé òyìnbó, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń kọ́ ọ. Òun ló gbé mi dé ibi iṣẹ́ omi ìjọba, níbi tí mo ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ páìpù. Ìyàwó mi kú ní ọdún kejì tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ló fi sílẹ̀ fún mi, Ràmátù. Òun nìkan ni mo ní, èmi nìkan ni òun náà ní. Nígbà tí àìsàn yìí dé góńgó, kì í ṣe ikú gan-an ló ń lé mi kiri. Ohun tó ń lé mi ni pé bí mo bá kú, ọmọ yìí kò ní ẹnìkan mọ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò jọ nǹkan ńlá. Ẹran ìdí eyín tó wà lẹ́yìn gbogbo èrìgì, lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, wú díẹ̀. Bí mo bá jẹ iṣu, á há síbẹ̀. Á dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, á lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á padà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá padà, ó máa ń le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn débi pé mo ń fi ọwọ́ bò ó bí mo bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ibi iṣẹ́. Pákò orin ata ni mo ń rin sí i. Á ta mí lẹ́nu, ẹnu á kú, ìrora á dákẹ́, èmi náà á gbà pé ó ti tán. Báyìí ni mo ṣe lo ọdún méjì.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi kú, oorun kọ̀ mí. Ẹnìkan ní ibi iṣẹ́ fún mi ní áṣáà, tábà lílọ̀ tí wọ́n po kán-ún mọ́. Ó ní kí n fi díẹ̀ há abẹ́ ètè. Orí mi yí, lẹ́yìn náà ọkàn mi dúró sójú kan, ohun tí kò tíì ṣe láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Láti ọjọ́ náà n kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ọ̀fà Garage ni mo ti ń rà á, láàárín àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí àdúgbò wa wí lórí sìgá! Inú ìṣẹ́po fìlà mi ni mo ń fi í pamọ́ sí. Ràmátù ló ń fọ aṣọ mi, ṣùgbọ́n fìlà, èmi fúnra mi ni mo ń fọ̀ ọ́.

Ní ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ọ̀nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, kò sì lọ mọ́. N kò lè jókòó. Bí mo bá jókòó, ìrora á gun òkè lọ sí etí. Bí mo bá dìde, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, rírìn ni mo ń rìn. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà. Ràmátù ti wá sílé fún ìsinmi nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló wà.

Ó ní, “Bàbá, ẹ ò jẹun, ẹ ò sùn, ẹ kàn ń rìn bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè-Oyi nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń ṣe oko pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ti gbọ́, ó sì ti dé pẹ̀lú ẹrù ewé àti òrí.

Ó ní, “Ọsibítù kẹ̀? Ta ló ń yọ eyín lẹ́nu àgbàlagbà? Ṣé ọmọdé ni, tí yóò hu òmíràn? Sálíù, eyín ìsàlẹ̀ yẹn, iṣan ojú ló so mọ́ o. Wọ́n bá yọ ọ́, ojú á fọ́.”

Ràmátù dá a lóhùn pé, “Ìyá, ojú tí ẹ ń sọ yẹn náà ti ń wú pa dé báyìí.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti mú jù. Ilé-ìwé ló ń pọ́n ọn fún ẹ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣùgbọ́n a ó lọ lọ́la.”

A lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wo eyín ní ọsibítù náà. Bí mo ṣe kí àsùbáà tán ni a gbéra, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì ti kún kí a tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó níbẹ̀, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ orí. Lásísì ni orúkọ rẹ̀, dírẹ́bà ni, Ọ̀fà Garage ló ti ń kó èrò.

Ó ní, “Alàájì, ẹ wá jókòó síbí.”

“N kò tíì lọ sí Mẹ́kà.”

“Ẹ ó lọ, bí eyín bá gbà fún yín.” Ó yíjú sí àwọn tó kù. “Ẹ ò rí nǹkan? Ìjọba ní ká bọ́ sápá ọ̀tún. Èmi ṣì ń ṣi apá òsì gbà, àfi eyín mi. Apá ọ̀tún ló bọ́ sí tààrà. Òun nìkan ló pa òfin mọ́ nínú ọkọ̀ mi.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó wu èmi náà kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò jẹ́. Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó sanra, nawọ́ sí mi.

“Bàbá, ẹ jókòó. Bí ẹ bá tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó mú káàdì yín lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.”

Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi kò jókòó.

Dókítà náà, ará Íńdíà ni. Nọ́ọ̀sì ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Wọ́n ya fọ́tò egungun ẹnu mi. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi hàn mí. Eyín náà kò dúró, ńṣe ló sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú egungun, ó ń ti èkejì rẹ̀. Ó ní bí mo bá ti wá nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún sí ọgbọ̀n, iṣẹ́ kékeré ni ì bá jẹ́. Nísinsìnyí egungun ti le mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ sì ti ń ṣe ọyún. Ó ní òun kò ní yọ ọ́ nígbà tó wú báyìí. Kí n lo oògùn ọ̀sẹ̀ kan kí n padà wá.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Nọ́ọ̀sì mú bírò dání.

“Ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?”

“Rárá.”

“Bí nǹkan bá gé yín, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ kó tó dá?”

“Rárá.”

“Ṣé ẹ ń mu sìgá, àbí ẹ ń lo áṣáà?”

Kí n tó la ẹnu, Ràmátù ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá mi kẹ̀? Bàbá mi tí kì í jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu sìgá?”

Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan. Èmi ló ń wò. Mo mi orí pé rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tilẹ̀ fi ẹnu pa irọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú, wọ́n sì yọ ọ́. Ó pẹ́. Wọ́n fi irin gé egungun díẹ̀, wọ́n pín eyín náà sí méjì. Mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú orí mi, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà: kò dùn mí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ ti Lásísì.

Nọ́ọ̀sì kó àwa méjèèjì jọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí a fi eyín di òwú náà mú fún wákàtí kan. Kí a má fi omi ṣan ẹnu lónìí rárá. Kí a má tutọ́ kíkankíkan. Kí a má jẹ ohun gbígbóná, kí a má jẹ obì, kí a má fa sìgá, kí a má fi tábà sẹ́nu. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó máa dì sínú ihò yẹn, òun ni ìdérí egungun. Bí ó bá ṣí kúrò, ẹkún la máa sun.

Lásísì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ láti àárín òwú. “Nọ́ọ̀sì, ṣé a lè bú èrò ọkọ̀?”

“Ẹ fi ọwọ́ bú wọn.”

Mo délé, ó kù díẹ̀ kí a kí ìrun àìlà. Mo gbé kẹ́tùlù, mo jókòó láti ṣe àlùwàlá bí mo ṣe ń ṣe é láti kékeré. Mo fọ ọwọ́. Mo bu omi sẹ́nu, mo yí i ká, mo tu ú jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Omi pupa. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé fífọ ẹnu lẹ́yìn oorun àti oúnjẹ ló ń sọ. Ti Ọlọ́run yàtọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, Kìrìsìtẹ́nì ni, kí ló mọ̀ nípa àlùwàlá? Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní àlàásárì, mo ṣe é ní mọ̀gáríbì, mo ṣe é ní ìṣáì. Mo tilẹ̀ ṣe é dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń dà, mo sì fẹ́ kí ẹnu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ìṣẹ́po fìlà. Mo fi díẹ̀ há apá òsì, kó lè jìnnà sí ọgbẹ́. Bí ẹni pé ẹnu ní ògiri láàárín.

Títí di ọjọ́ yẹn, ara mi ń balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni nǹkan yí padà. Ìrora tó dé kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti inú ihò náà bọ́ sí etí, ó gba etí lọ sí àárín orí, kò sì dúró kí n mí. Ẹnu mi ń rùn bí ohun tó kú. Mo ń rìn. Mo rìn títí àwọn ará ilé fi kó àwọn ọmọ wọn wọlé. Mo lọ sí ibi iṣẹ́, mo padà sílé, mo tún jáde lọ títí dé ojú títì, mo padà, n kò sì mọ ohun tí mo lọ ṣe.

Ràmátù dá mi padà sí ọsibítù. Dókítà wo inú ẹnu mi, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ihò náà mọ́. Egungun funfun ló ń wo òun. Bàbá, kí lẹ fi sẹ́nu?”

“Kò sí.”

“Ẹ ò fi omi ṣan án?”

“Rárá.” N kò ka àlùwàlá mọ́ ọn.

“Ẹ ò lo tábà?”

Ràmátù wà lẹ́yìn mi. “Rárá.”

Wọ́n ki aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ sínú òróró kànáfùrù bọ ihò náà. Kí ojú tó ṣẹ́, ìrora ti dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bí mo ṣe ń jáde, Lásísì ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó wá kí wọ́n wo tirẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹlẹ̀.

“Alàájì! Èmi ti jẹ ẹran lánàá o. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú bí mi sí i, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Aṣọ kànáfùrù náà kò pé ọjọ́ kan. Ní àlùwàlá ló ti jábọ́ sí ilẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ gbá a sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìrora padà. Ìyá Òkè-Oyi ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ òrí, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fi ọwọ́ fà á wá sí ìsàlẹ̀, láti àgbọ̀n dé ọrùn, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ràmátù ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí ẹ ń fà á lọ náà ló ń wú lọ.”

“Ṣé mo fẹ́ pa á ni? Àbúrò mi ni! Èmi ni mo pọ̀n ọ́n kí ìyá ẹ tó mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ ò fẹ́ pa á, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn ẹ̀.”

Àwọn méjèèjì wo ọrùn mi. Abẹ́ àgbọ̀n mi ti le bí igi. Ibà ti mú mi. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má jà, ẹnu kò là. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò là. Mo fẹ́ gbé itọ́ mì, kò lọ, ó ń dà sí àyà mi. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá Òkè-Oyi ló kọ́kọ́ jáde lọ pe mọ́tò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Òun tó ní kí a má lọ ló sáré wá ọkọ̀, láìwọ bàtà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó fi ìka tẹ ọrùn mi, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kí nọ́ọ̀sì sáré lọ kó irinṣẹ́ wá. Nọ́ọ̀sì jáde. Ó wá ku àwa mẹ́ta: dókítà, Ràmátù àti èmi. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, kí n lè gbọ́. Ó ní ohun kan ń ba ọgbẹ́ yìí jẹ́ lójoojúmọ́, òun kò sì mọ̀ ọ́n. Ó ní bí wíwú yìí bá sọ̀ kalẹ̀ sí i, n kò ní lè mí. Kí n jọ̀ọ́, kí n sọ fún òun.

Mo gbọ́ ọ yé. Mo fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe ìwé. Ó fún mi ní ẹ̀yìn káàdì àti bírò. Mo lè kọ gẹ̀ẹ́sì, òun ni mo fi ń kọ orúkọ páìpù ní sítọ́ọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, Yorùbá ló bá jáde. Dókítà kò lè kà á. Ó nà án sí Ràmátù.

Ìlà mẹ́ta péré ni. Mo kọ ọ́ pé: Mo ń fi omi ṣan ẹnu ní gbogbo àlùwàlá. Mo ń fi áṣáà sẹ́nu. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú.

Ó kà á. Ó tún un kà. Mo ń wo ojú rẹ̀, òun kò wo tèmi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí dókítà, ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó sọ ti omi. Ó sọ ti áṣáà. Ìlà kẹta, kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ká káàdì náà sí méjì, ó fi sínú àpò rẹ̀.

Dókítà kò bínú. Ó béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, mo ka ìka sókè. Ó ní ká ní òun mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, òun ì bá ti múra sílẹ̀ de ọgbẹ́ yìí, òun kò bá sì ti jẹ́ kí n padà sílé pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí mo wá ṣáájú.

Wọ́n gé abẹ́ àgbọ̀n mi láti ìta. Ọyún tó jáde, n kò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀ kí ìyókù lè máa jò. Abẹ́rẹ́ ní àárọ̀, abẹ́rẹ́ ní ọ̀sán, abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi wà lórí ibùsùn, ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn sì ń fọ ihò náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Ràmátù pé n ó yè. Mo mọ̀, nítorí mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń béèrè, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn dá a lóhùn.

Ó ń wá lójoojúmọ́. Ó ń fi ṣíbí fún mi ní omi ẹ̀kọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju “Ẹ gbà” lọ.

Alfa wa náà wá, bàbá arúgbó tó kọ́ mi ní kéú. Ràmátù ti ròyìn fún un. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá lé itan.

“Sálíù. Àlùwàlá lo fi ba ọgbẹ́ jẹ́?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀ranyàn ni ti ẹnu? Ojú, ọ̀ranyàn ni. Ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ọ̀ranyàn ni. Orí ńkọ́, ẹsẹ̀ ńkọ́? Ọ̀ranyàn. Ti ẹnu, súnà ni. Aláìsàn fi í sílẹ̀, ìrun ẹ̀ pé. Tìrẹ, ńṣe lò ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò.” Ó wo ọrùn mi. “Èmi náà ni mo kọ́ ọ, àbí? Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N kò kọ́ ọ ìgbà tí wọn kì í ṣe é.”

Ó ṣe àdúà fún mi, ó dìde. Kò mẹ́nu kan áṣáà. N kò mọ̀ bóyá Ràmátù sọ fún un. Títí di òní n kò béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ẹnu mi ti ń là díẹ̀, Ràmátù gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Bàbá. Ọdún mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Nítorí pé ẹ ò rí oorun sùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó gbé ṣíbí, ó tún gbé e sílẹ̀. “Èmi náà ò sùn, Bàbá. Inú yàrá kejì ni mo wà. Ẹ ò bi mí.”

Ó fún mi ní ẹ̀kọ tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ yọ eyín yìí, mo ti fi ara mi wé Lásísì lọ́pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ dókítà kan náà, irin kan náà, ọjọ́ kan náà. Ọ̀dọ́ ni, èmi ti tó àádọ́ta ọdún. Tirẹ̀ kò tíì pé oṣù kan tó fi ń dùn ún tó fi wá, èmi fi orin ata tan ara mi fún ọdún méjì títí ó fi ṣe ọyún. Kì í fi tábà sẹ́nu. Wọ́n ní kí ó má ṣan ẹnu, kò ṣan án. Bí àìsàn ṣúgà bá wà lára yín, tàbí tí ẹ ń lo oògùn kan lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó gbọ́ bá dúró tì yín, ẹ ní kó jáde. Kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí ni dókítà ń béèrè. Ihò kan ló fẹ́ dí. Bí ìrora bá sì padà lọ́jọ́ kẹta, ẹ má tẹ ohun gbígbóná mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á. Ẹ padà lọ.

Ọdún kẹfà rèé. Àpá wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, irùngbọ̀n bò ó. Apá ọ̀tún ètè ìsàlẹ̀ mi kò mọ nǹkan mọ́. Bí mo bá ń mu omi, á máa dà, n kò ní mọ̀ àfi bí aṣọ bá tutù. Ẹnu mi kò là tó ti tẹ́lẹ̀, ìka méjì ló ń gbà. Mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń kírun. Ìyá Òkè-Oyi ṣì ń sọ pé òrí òun kọ́ ló fa á, èmi náà kò bá a jiyàn.

Ràmátù ti di olùkọ́, ó ti wà nílé ọkọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá kí mi, ó sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà kí ó tó bọ́ bàtà. Fún ọdún márùn-ún, “Rárá” ni mo ń dá a lóhùn, òótọ́ sì ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a sin ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní sítọ́ọ̀. Ẹnìkan na áṣáà sí mi níbẹ̀. Mo gbà á.

Nígbà tí Ràmátù dé ní Jímọ̀, n kò dúró kí ó béèrè. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti pàdé rẹ̀.

Mo ní, “Mo lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè.”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó fà mí lọ́wọ́ sí ibi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa nínú àgbàlá.

Ó ní, “Ẹ la ẹnu, kí n wò ó.”

Mo là á, níbi tó lè là dé.